Bí Awólọ́wọ̀ ṣe ṣọ́ àpò ìjọba: láti orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì dé orí owó ogun abẹ́lé

Lọ́dún 1953, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní kí gbogbo ọkùnrin tó ti tó owó orí san fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé èyí tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ètò ìlera làwọn fẹ́ fi owó náà ṣe. Inú ará ìlú kò dùn sí i rárá. Àgbẹ̀ tí kò lọ́mọ nílé ìwé ń bèèrè ohun tó kan òun nínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó lọ́mọ náà ń wò ó pé wọ́n ti gbowó tán, kò sì tíì sí ilé ìwé kankan tí ojú rí. Ẹgbẹ́ Alákùkọ, ìyẹn NCNC, rí nǹkan sọ, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní oṣù kọkànlá ọdún 1954, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tó wà lórí àlééfà fìdí rẹmi nílé ara wọn. Alákùkọ gba ìjókòó 23 nínú 42, Ọlọ́pẹ gba 18.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà nídìí owó náà. Kò tíì pé oṣù méjì tó di olórí ìjọba, ìyẹn Pírémíà, lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Olóṣèlú mìíràn tó bá wà nípò rẹ̀ ì bá tètè sún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú, kó wá ọ̀rọ̀ dídùn sọ fáwọn olùdìbò, kí ìbínú ìlú lè rọlẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ jákèjádò agbègbè náà, láti Badagry dé Benin, láti Abẹ́òkúta dé Ìwó.

Ibi tí ọkùnrin náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó kó tó ná an kò ṣẹ̀yìn bí ayé ṣe bá a fín-ínfín nígbà èwe. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́, ilẹ̀ Rẹ́mọ. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, David Ṣópólú, ó sì tún ń la gẹdú. Ó ń gbìyànjú lórí ẹ̀kọ́ ọmọ náà, àmọ́ lọ́dún 1920 ni ikú mú un lọ. Láti ìgbà náà ni Ọbáfẹ́mi ti ń dá owó ilé ìwé ara rẹ̀ wá. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ta igi ìdáná. Ó dé Wesley College n'Íbàdàn lọ́dún 1927, ó ṣe olùkọ́, ó kọ́ títẹ ìwé àti ìkọ̀wé kíákíá àwọn akọ̀wé, ó padà sí Wesley College gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ó sì ṣiṣẹ́ oníròyìn lọ́dọ̀ Daily Times.

Òwò ló wá kó ọgbọ́n tó pọ̀ jù fún un, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n náà gbówó lórí. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ó bọ́ sídìí òwò kòkó àti ọkọ̀ èrò. Ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń tà á fáwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, ọkọ̀ rẹ̀ náà ń lọ ń bọ̀. Ọjà ń yá, owó ń wọlé, ó fẹ́ Hannah Ìdòwú Dideolú lọ́jọ́ kejì ọdún Kérésìmesì 1937. Kò pẹ́ tí iye kòkó fi já wálẹ̀ lágbàáyé. Ẹni tó ti fi owó ńlá ra kòkó pamọ́ kò rí i tà ní iye tó rà á. Lọ́dún 1938, gbèsè wọ Awólọ́wọ̀ lọ́rùn, ohun tó ti kó jọ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ìdílé alágbàtà kòkó kan ní Ìwó, Ẹdẹ tàbí Ifẹ̀ mọ irú ọdún bẹ́ẹ̀. Orí páànù ilé ló máa ń hàn sí: ẹni tó fẹ́ kọ́lé tuntun á dá a dúró sí ìpìlẹ̀.

Kò jókòó sunkún. Ó di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò n'Íbàdàn, ó bá àwọn oníṣòwò irè oko ṣe ẹgbẹ́, ó sì tún ń fi ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1944, Yunifásítì London fún un ní oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò. Ó yẹ kí èèyàn dúró díẹ̀ níbí yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jà fún òmìnira nígbà náà, amòfin ni wọ́n, tàbí dókítà, tàbí olùkọ́. Awólọ́wọ̀ náà ṣì máa di amòfin, wọ́n pè é wọ iṣẹ́ náà ní London ní oṣù kọkànlá ọdún 1946. Àmọ́ kó tó mọ òfin ló ti mọ ìwé owó: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó ṣẹ́kù, àti gbèsè tó sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ní gbogbo àkókò tó fi wà lókè òkun, ìyàwó rẹ̀ ló ń ta oúnjẹ nílé tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ.

Ohun mìíràn tún wà tó ti ṣe kó tó rìnrìn àjò. Lọ́dún 1942, ó wà lára àwọn tó tako bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣàkóso ìbílẹ̀ n'Íbàdàn, níbi tí ọwọ́ àwọn olóyè díẹ̀ ti ń darí ọ̀rọ̀ ìlú, tí àwọn tó ń san owó orí kò sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ná an. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Ìwó gan-an. Lábẹ́ ètò tí òyìnbó gbé kalẹ̀, inú ẹ̀ka ìṣàkóso Ìbàdàn ni wọ́n so àwọn ìlú Ọ̀ṣun mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìbàdàn.

Ìgbà tí ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1952, iṣẹ́ mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ gbà, ó sì tún jẹ́ aṣáájú àwọn mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ kékeré ló mú. Òun mọ ohun tó ń wá. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún náà ló gbé káńsù tí ará ìlú dìbò yàn wá. Àwọn tí ìlú yàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ọba àti olóyè ní ìjókòó tiwọn, àmọ́ kì í ṣe àwọn nìkan ló ń pàṣẹ mọ́. Káńsù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ iye tó rò pé yóò wọlé àti iye tó fẹ́ ná sílẹ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba Ìbàdàn á sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba ìbílẹ̀ gba ipò tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń lọ láti káńsù dé káńsù, wọ́n ń ṣí ìwé wò.

Ṣé ó wá mú kí olè dópin? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ káńsù ni ẹjọ́ wọn dé Ìbàdàn láàárín ọdún mélòó kan, tí ìjọba sì tú àwọn kan ká. Alátakò máa ń sọ pé káńsù tó wà lọ́wọ́ Alákùkọ ni ojú olùbẹ̀wò máa ń mú jù, àríwísí yẹn kò sì ṣe é kó dànù. Síbẹ̀, ohun kan yí padà. Láti ìgbà náà, ẹni tó san owó orí ní Ìwó lè rí káńsẹ́lọ̀ àdúgbò rẹ̀ nílé kó sì bi í pé títì tí wọ́n kọ sínú ìwé, ibo ló wà.

Ká padà sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìnáwó ti pọ̀ jù. Oṣù keje ọdún 1952 ni S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò náà síwájú ilé aṣòfin. Ọdún méjì àbọ̀ ni wọ́n fi múra. Lásìkò yẹn, wọ́n ń kọ́ olùkọ́, wọ́n ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń ṣírò. Wọ́n gé ọdún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà, kí owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ kan lè tó ọmọ púpọ̀. Ìjọba kò dá kọ́ gbogbo ilé ìwé fúnra rẹ̀: ó fi owó ìrànwọ́ fún àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àti àwọn káńsù, ó ní kí wọ́n lo ilẹ̀ àti ilé tí wọ́n ti ní. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ pọ̀ sí i, àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀ sì gba èrò kún. Baptist College tó wà ní Ìwó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́ olùkọ́ nígbà náà. Ibi tó wà ni Bowen University wà lónìí.

Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1954 jẹ́ bí 457,000. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí lọ́dún 1955, wọ́n di 811,432. Àwọn tó wá forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì àkọ́kọ́ ju ìlọ́po méjì iye tí ìjọba retí lọ. Ìṣirò tí wọ́n ti fi ọdún méjì ṣe kò bá ayé mu mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan! Wọ́n fi olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ kún un, wọ́n fi ọmọ tó pọ̀ sínú yàrá tó kéré. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nígbà tí ó yá pé ọmọ jáde ìwé mẹ́fà, kò lè kọ lẹ́tà tó já geere. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ Banjo dìde ní ìparí ọdún 1960 láti yẹ ètò náà wò. Owó ẹ̀kọ́ nìkan sì ń jẹ ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ìjọba ń ná lọ́dọọdún.

Àmọ́ àwọn òbí tó bínú sí ṣílè mẹ́wàá àti sísì ti rí ohun tí owó wọn rà. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn dé lọ́dún 1956, Ọlọ́pẹ gba ìjókòó 48 nínú 80, Alákùkọ gba 32. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé láràárọ̀, kò sí ìpolongo tó jù ú lọ.

Kì í ṣe òṣèlú nìkan ló gbé iṣẹ́ náà ró. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó sì ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, akọ̀wé àgbà níléeṣẹ́ ìṣúná kó tó wá di olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn méjèèjì mọ ààlà ara wọn. Mínísítà á sọ ohun tí ìjọba fẹ́ ṣe, akọ̀wé àgbà á sọ iye tí yóò ná wọn àti ibi tí owó ti máa wá. Bí owó kò bá sí, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ mínísítà dẹ́rù ba ilé ìṣúná. Lákòókò yẹn náà ni ìjọba ṣètò pé òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tó kéré jù gbọ́dọ̀ gba ṣílè márùn-ún lóòjọ́. Ní ìpínlẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti gba owó oṣù àbọ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2015, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìjọba ṣèlérí owó kó sì rí i san.

Bẹ́ẹ̀, owó tó ń wọlé náà kò wá láti ojú ọ̀run. Kòkó ni. Nígbà tí wọ́n pín àjọ tó ń ra irè oko sí agbègbè kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1954, nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 pọ́n-ùn ló kan Ìwọ̀-Oòrùn. Owó yìí jẹ́ èlé tí àjọ náà rí láàárín iye tó ń san fún àgbẹ̀ àti iye tó ń tà á lókè òkun. Wọ́n ní wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí iye kòkó bá tún já, irú èyí tó kó bá Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dún 1938. Ìjọba wá rí i pé owó ńlá ló wà nílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe nǹkan: ilé iṣẹ́, ilé gbígbé ní Bódìjà, oko ńlá, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn kan mú èrè wá, àwọn kan kò mú un wá. Àgbẹ̀ ló ni owó náà ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í kí wọ́n tó ná an.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti korò. Lẹ́yìn tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Awólọ́wọ̀ àti S. L. Akíntọ́lá tó gba ipò Pírémíà lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì lórí Ìwọ̀-Oòrùn lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1962. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ G. B. A. Coker dìde láti yẹ ìwé owó àwọn àjọ ìjọba mẹ́fà wò. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ wúwo: ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn ló kúrò lọ́dọ̀ àjọ kòkó bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tí àwọn aṣáájú Action Group dá sílẹ̀, NIPC, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì gba ibẹ̀ bọ́ sápò ẹgbẹ́. Àpò tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ́dún 1954 ti fẹ́rẹ̀ gbẹ. Ìgbìmọ̀ di ẹ̀bi ru Awólọ́wọ̀, ó sì ní Akíntọ́lá kò lẹ́bi.

Àwọn olólùfẹ́ Awólọ́wọ̀ máa ń dáhùn pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló yan ìgbìmọ̀, pé ìparí ọ̀rọ̀ náà sì fi hàn pé ojú kan ni wọ́n wò. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Akíntọ́lá wà lórí àlééfà fún ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó dé, owó kì í sì í rìn fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé Awólọ́wọ̀ kó o lọ kọ́lé fún ara rẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin tó kọ́ gbogbo káńsù bí wọ́n ṣe ń kọ owó sílẹ̀ gbà kí owó àgbẹ̀ àti owó ẹgbẹ́ wà nínú àpò kan náà. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn mìíràn, ìdìtẹ̀ gbàjọba, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1963.

Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1966. Kò pé ọdún kan, ní oṣù kẹfà ọdún 1967, ó di kọmíṣánnà fún ètò ìṣúná Nàìjíríà àti igbákejì alága ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀.

Ogun ń jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ. Ọmọ ogun tí kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ pọ̀ dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Epo rọ̀bì tó wà ní ìlà-oòrùn dáwọ́ dúró fún ìgbà kan. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ìjọba lọ yáwó lókè òkun, kí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí máa san án. Awólọ́wọ̀ kò gba ọ̀nà yẹn. Ó dín ọjà tó ń wọlé láti òkèèrè kù, pàápàá àwọn ohun afẹ́, kí owó ilẹ̀ òkèèrè tó wà nílẹ̀ lè tó ra ohun ìjà àti ohun tí ará ìlú kò lè ṣe láìsí. Ó fi owó orí kún ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń jèrè púpọ̀. Ó yáwó lọ́wọ́ àwọn báǹkì inú ilé pẹ̀lú ìwé ẹ̀yáwó ìjọba. Gbèsè abẹ́lé pọ̀ sí i gan-an nítorí ìyẹn, kò yẹ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yìn ín, àmọ́ Nàìjíríà parí ogun láìjẹ gbèsè ogun lókè òkun.

Ìdánwò kan dé ní oṣù kọkànlá ọdún 1967. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì já iye owó pọ́n-ùn tiwọn wálẹ̀ lójijì, láti dọ́là 2.80 sí 2.40. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó so owó wọn mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé wọn. Nàìjíríà kò tẹ̀ lé wọn. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: orílẹ̀-èdè tó ń jagun, tó ń ra ìbọn àti ọta lókè òkun, tí kòkó àti epo rẹ̀ sì ní iye tí ayé ń san lórí wọn, kí ni èrè rẹ̀ nínú kí owó rẹ̀ fẹ́lẹ́? Ní oṣù kìíní ọdún 1968, ìjọba tún pàrọ̀ owó bébà, wọ́n sì fún àwọn èèyàn ní ọjọ́ díẹ̀, títí di ọjọ́ 22, láti pààrọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Owó àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ Biafra di bébà lásán lójú ọjọ́.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ogun ṣì ń dun ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò títí di òní. Ẹni tó bá ti ní owó ní báǹkì tó sì ti lò ó nígbà Biafra, ogún pọ́n-ùn ni wọ́n fún un, ì báà jẹ́ igba tàbí ẹgbẹ̀rún méjì ló ní tẹ́lẹ̀. Awólọ́wọ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ìwé báǹkì ti dàrú, pé kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àlàyé náà lè bójú mu fún akọ̀wé owó. Fún oníṣòwò tó padà sí Onitsha tàbí Port Harcourt tó fẹ́ tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí, ogún pọ́n-ùn kò tó ra ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ogun ṣì ń lọ, iná jó nílé. Ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ ti rẹ̀. Iye kòkó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan, owó orí ń pọ̀ sí i, agbowó orí ń ya wọ abúlé lóru, wọ́n ń na àwọn èèyàn. Láti ìparí ọdún 1968, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà gbé ohun ìjà. Ní oṣù keje ọdún 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n já wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Íbàdàn, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ yan àwọn ọlọ́pàá àti ológun sí wọn, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì yanjú.

Awólọ́wọ̀, kọmíṣánnà tó nílò gbogbo kọ́bọ̀ tó lè rí fún ogun, ló lọ bá Tafa Adéoyè, aṣáájú àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ iye. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ni pé owó orí àgbẹ̀ di pọ́n-ùn méjì. Àwọn tó ń wo ìwé ìṣúná nìkan á sọ pé ìjọba pàdánù owó. Ọkùnrin tó ti rí ìbínú ọdún 1954, tó sì ti ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà tó jẹ́ alágbàtà, mọ̀ pé owó orí tí wọ́n fi ìbọn gbà lóko, owó ìbọn àti owó ìsìnkú á jẹ ẹ́ tán kó tó dé Ìbàdàn.

Ọdún 1970 ni ogun parí. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, Simeon Adébọ̀ ni wọ́n tún pè wá láti darí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ kún ti àwọn tó wà nísàlẹ̀, nítorí ọjà ti wọ́n. Lọ́dún 1971, Awólọ́wọ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ amòfin rẹ̀. Owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá pọ̀ ni. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó kékeré lọ sílé kí owó ńlá tó dé.

Ó díje fún ipò ààrẹ lọ́dún 1979 àti 1983, kò wọlé nígbà kankan. Àmọ́ ní 1979, ẹgbẹ́ rẹ̀, UPN, gba ìjọba ìpínlẹ̀ márùn-ún, Ọ̀yọ́ wà nínú wọn. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ìwó wà nígbà náà, ọdún 1991 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá dúró. Bọ́lá Ìgè di gómìnà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tún padà, lọ́tẹ̀ yìí títí dé girama. Ilé ìwé girama hù káàkiri. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1955 tún ṣẹlẹ̀: ọmọ pọ̀, yàrá kò tó, àwọn kan ń kàwé láàárọ̀, àwọn kan ń kà lọ́sàn-án.

Lọ́dún 1981, Awólọ́wọ̀ kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Shehu Shagari, ó kìlọ̀ fún un pé ọkọ̀ ojú omi Nàìjíríà ń sáré lọ sórí àpáta, pé ìjọba ń ná ju ohun tó ń wọlé lọ, owó tó wà nípamọ́ sì ń gbẹ. Àwọn èèyàn ìjọba ní irọ́ ni, wọ́n ní àgbà olóṣèlú tí ìbò jẹ ló ń ṣọ̀fọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba kan náà lọ sílé aṣòfin láti gbé òfin ìfúnwọ́mọ́wọ́ kalẹ̀, wọ́n dín ọjà tó ń wọlé láti òkèèrè kù, wọ́n dín ìnáwó kù.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1987 ló jáde láyé ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún náà. Láti ìparí ọdún 1999 ni àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú fìlà àti gíláàsì ojú rẹ̀, ti wà lórí owó bébà ọgọ́rùn-ún náírà. Nígbà tí owó náà kọ́kọ́ jáde, òun ló tóbi jù nínú owó Nàìjíríà. Lónìí lọ́jà Ìwó, kò tó ra búrẹ́dì.